Ọdún Kan fún Egungun Hílkíà

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, ṣùgbọ́n ooru ti mú. Ọjọ́ kẹta rèé tí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ti ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀, tó ń da eruku pupa sórí gbogbo nǹkan, tí ojú ọ̀run fi dà bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ewé ólífì ká jọ lórí igi. Àwọn ewúrẹ́ kọ̀, wọn ò jáde. Ọdún kejì nìyẹn tí òjò kò rọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ Jùdíà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Yákímù ọmọ Hílkíà gbé àpótí òkúta kan lé ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó gun òkè tó wà lẹ́yìn abúlé Kéfárì Gírì, ó ń lọ kó egungun bàbá rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ àpótí náà. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ gbogbo ilẹ̀ abúlé wọn, ó funfun, ó rọ̀, irin ń wọ̀ ọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ wàràkàṣì. Wọ́n ń fi gbẹ́ ife, wọ́n ń fi gbẹ́ àwo àti ìkòkò omi, wọ́n sì ń fi gbẹ́ àpótí tí wọ́n ń kó egungun sí. Jerúsálẹ́mù kò ju ìrìn ìdajì àárọ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá rà á. Ẹni bá ti gbẹ́ òkúta ní Kéfárì Gírì, funfun ni ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń jẹ́ láti kékeré títí dọjọ́ ikú.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ. Oṣù mẹ́jọ péré ni Hílkíà ti kú, ọdún kan sì ni àṣà. Òkú á sùn lórí ibùsùn òkúta nínú ihò fún oṣù méjìlá, títí ẹran ara á fi lọ tán tí egungun nìkan á kù, kí ọmọkùnrin rẹ̀ tó padà wá kó o sínú àpótí. Ìgbà yẹn ni ìsìnkú tó parí. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ ikú, tí gbogbo abúlé sunkún sí, ìdajì ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ sin bàbá òun, ó lè jẹ́ pé bàbá náà ti wọ ihò láti oṣù mẹ́fà; kò sí ẹni tí yóò fi ṣe ẹlẹ́yà láàrin wọn, torí gbogbo wọn mọ ohun tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n Yákímù ti ń gbẹ́ àpótí fún ogún ọdún, etí rẹ̀ sì ti gbọ́ oríṣiríṣi. Ó ti gbọ́ nípa òkú tó gbẹ ní oṣù mẹ́sàn-án. Ó ti gbọ́ nípa ọ̀kan tó gbẹ ní oṣù mẹ́jọ, lọ́dún ọ̀dá, torí pé ọkùnrin náà tín-ín-rín. Ọdún ọ̀dá rèé. Hílkíà sì ti gbẹ bí igi ólífì kí ó tó kú. Báyìí ni ó ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí ẹní fún ọjọ́ púpọ̀, títí ọ̀rọ̀ náà fi dà bí òótọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tó ń lé e ni àwọn ará Ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn tó gba Olùkọ́ ará Gálílì gbọ́, ẹni tí àwọn ará Róòmù kàn mọ́ igi ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń sọ pé ó wà láàyè. Wọn ò ju mẹ́rìnlá lọ ní Kéfárì Gírì. Yákímù kò fojú rí Olùkọ́ náà rí. Lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ kú mọ́ oyún ni Sákáì ahunṣọ, tó jẹ́ olórí wọn, pè é wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Sákáì bu búrẹ́dì, ó na apá kan sí i, ó pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò tíì sí ẹni tó fi orúkọ pè é wá jẹun. Ó padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò sì ṣíwọ́ mọ́.

Wàyí o, àwọn àgbà sínágọ́gù ti ní kí wọ́n má wọ ilé àdúrà mọ́, kò sì sí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún Sákáì. Wọ́n pinnu láti lọ sí Dámásíkù, níbi tí àwọn ará mìíràn wà. Wọn ò mọ iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò níbẹ̀ kí wọ́n tó tún kọjá síwájú. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn kò ní mọ ibi tí yóò ti wá wọn. Yákímù ní òun á bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó egungun bàbá òun. Ó ku oṣù mẹ́rin. Sákáì wò ó títí, ó ní òun ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti bi Olúwa ní ìbéèrè yìí gan-an rí, èsì sì wà: jẹ́ kí àwọn òkú máa sin òkú ara wọn, ìwọ máa tẹ̀ lé mi.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Yákímù lára bí ẹ̀gún ẹja. Kò jẹ́ kó sùn. Bí ó bá ronú kan Hílkíà, ó ń rántí ọjọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí bàbá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú tí ó ní, "Ìwọ ni kí o kó mi o. Má jẹ́ kí Yáírì ṣe é. Ọwọ́ Yáírì kò ní ẹ̀sọ̀." Yáírì ni àbúrò Hílkíà, agbẹ́kùúta lòun náà, kò sì sí ife tí kì í fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Yákímù ní òun gbọ́. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbẹ̀, níwájú Ọlọ́run, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ bàbá.

Torí náà ló ṣe wá ọ̀nà tí yóò fi ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá wọ ibojì, aláìmọ́ ni fún ọjọ́ méje. Kò gbọdọ̀ bá ènìyàn jẹun, kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ rìn, títí wọ́n á fi wọ́n omi eérú ìwẹ̀nùmọ́ sí i lára ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje. Àwọn ará Ọ̀nà máa gbéra ní ọjọ́ kẹjọ sí òní. Tí ó bá kó egungun náà lónìí, á ti mọ́ kí wọ́n tó lọ. Tó bá di ọ̀la, ó ti pẹ́ jù.

Ó so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́lẹ̀. Ó yí òkúta ẹnu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọlé, ó dúró kí ojú rẹ̀ lè mọ òkùnkùn. Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbà. Ó sún mọ́ ibùsùn òkúta náà, ó gbé etí aṣọ ọ̀gbọ̀ tó bo orí sókè.

Irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ojú náà ti dúdú, ó ti jìn wọnú, síbẹ̀ ojú ènìyàn ni, ojú Hílkíà ni, ẹnu là díẹ̀ bó ṣe máa ń là nígbà tó bá sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Yákímù da aṣọ náà bò ó padà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ máa sùn," bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn yàrá àgbàlagbà. Ó gbé àpótí náà wọlé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó jáde, ó sì yí òkúta padà sí ẹnu ihò.

Kò lè wọ abúlé mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí kòtò òkúta, sábẹ́ àtíbàbà tí òun àti bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí nígbà oòrùn, ó sì dúró síbẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tó ń kọjá lókèèrè, kí ẹnikẹ́ni má bàa sún mọ́ òun. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo abúlé ti mọ̀.

Yáírì ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró lókèèrè, lórí òkìtì àfọ́kù, ọwọ́ lẹ́yìn, ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí.

Ó ní, "Yákímù. Ṣé ọbẹ̀ ni bàbá rẹ ni, tí o fi ń ṣí ìkòkò wò bóyá ó ti jinná?"

Yáírì wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní láti ìgbà bàbá àwọn bàbá wọn, kò sí òkú kankan ní ilé Hílkíà tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ní òun ti sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé kí ó lé àwọn ará Ọ̀nà yẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń jókòó síta, ó ń fi yanrìn fá ife nígbà tí wọ́n bá ń kọrin nínú ilé. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan egungun yẹn, ọmọ ló ń kó egungun bàbá; bí ọmọ bá lọ, kí Hílkíà sùn síbẹ̀ títí ayé, kí gbogbo ẹni tó bá gbé òkú wọ ihò náà máa fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó sọ èyí, ohùn rẹ̀ yí padà. Kí ó tó lọ, ó gbé ìkòkò omi kan kalẹ̀ ní àárín méjì, ó sì fà sẹ́yìn kí Yákímù lè wá mú un. Ìkòkò òkúta ni. Òkúta kì í gba àìmọ́. Láràárọ̀ ló ń gbé omi wá bẹ́ẹ̀, kò sì tún sọ nǹkan kan mọ́.

Sákáì wá ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí àlùfáà ti fi ewé hísópù wọ́n omi eérú sí Yákímù lára. Òun náà dúró lókèèrè. Ó ní àwọn á fi àyè sílẹ̀ fún un, kí ó ṣáà mọ́ ní ọjọ́ keje. Yákímù bi í pé àwọn wo ni òkú tí Olúwa sọ.

Sákáì ní ó hàn gbangba. Àwọn tí kò gbàgbọ́ ni. Wọ́n ń mí, wọ́n ń jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ti kú nínú. Kí irú wọn máa bójú tó òkú. Ó ní, "Bí àbúrò bàbá rẹ. Òkú ni. Fi í sílẹ̀, kó sin òkú."

Yákímù ní, "Òkú tí ẹ ń sọ yẹn, òun ló gbé omi tí mo mu láàárọ̀ yìí wá."

Sákáì wo ìkòkò náà. Ọkùnrin rere ni, ó ti rẹ̀ ẹ́ nítorí ìrìnàjò tó ń bọ̀, ó ní ọmọ márùn-ún. Ó ní òun ò kọ́ Ìwé Mímọ́ tó bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún òun lòun ń sọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá a wá, ọkùnrin kan tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ní ní tòun, òun rò pé àwọn egungun tó wà nínú ihò látẹ̀yìnwá ni Olúwa ń sọ, pé àwọn bàbá ńlá á gba ọmọ wọn mọ́ra. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti wọ ihò rí o. Mi ò rí ọ̀kankan nínú wọn tó dìde ràn wá lọ́wọ́." Sákáì ní kí ó dákẹ́. Wọ́n lọ.

Ọjọ́ kẹrin kọjá, ọjọ́ karùn-ún kọjá. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn lọ sílẹ̀, ojú ọ̀run mọ́. Láti kòtò òkúta ènìyàn ń rí ọ̀nà àríwá, bó ṣe gba àárín àwọn oko ọkà báálì tí kò yọrí dáadáa lọ, tó fi wọ inú òkè. Yákímù jókòó, ó ń wò ó. Nígbà mìíràn ara rẹ̀ á fà sí ọ̀nà yẹn débi pé á dìde dúró láìmọ̀. Lẹ́yìn náà á yíjú sí òkè ibojì, ara rẹ̀ á tún fà síbẹ̀. Ó ronú pé bí bàbá òun bá wà, òun ni òun ì bá bi léèrè. Ó mọ̀ pé Hílkíà kò ní fèsì lójú ẹsẹ̀. Á fá ife náà tán, á fẹ́ ẹfun kúrò lára rẹ̀, á gbé e sójú oòrùn wò.

Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ìyá Ṣẹlómítì ni ó wá. Opó ni, ó dàgbà ju gbogbo ará Ọ̀nà abúlé náà lọ, òun nìkan sì ni kò ní bá wọn lọ, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè rìn dé odò. Bó ṣe dé kòtò òkúta ò yé ẹnikẹ́ni. Ó gbé àwo ẹ̀wà lẹ́ńtìlì lọ́wọ́, àwo òkúta, ó sì ń sọ̀rọ̀ kí ó tó dé.

Ó ní, "Ìwọ lo gbẹ́ àwo yìí. Wo ìdí rẹ̀, kò dúró déédéé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi ègé igi tì í."

Yákímù kí i, ó ní, "Ìyá, ẹ ò bá má ti wá. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó wà ní ìsàlẹ̀ mi níhìn-ín. Jẹun."

Ó jókòó sórí òkúta kan, kò jìnnà tó bí àwọn yòókù ti jìnnà. Ó wò ó títí ó fi jẹ ẹ̀wà náà dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ó bi í pé ṣé ó mọ orúkọ ẹni tí Olúwa sọ ọ̀rọ̀ òkú yẹn fún. Yákímù ní rárá, Sákáì ò sọ orúkọ.

Ó ní, "Hánánì ni. Ọkọ mi."

Yákímù gbé àwo náà sílẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sí ọ̀nà àríwá. Ó ní àwọn ènìyàn máa ń rò pé bàbá Hánánì wà lórí ilẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà tí wọn ò tíì sin ín. Ó ní ìyẹn ò sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú lọ́jọ́ náà, kí ló ń wá lójú ọ̀nà? Bàbá náà ti wọ ihò láti oṣù mẹ́ta. Ó ku oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n kó o. Ohun tí Hánánì ń tọrọ nìyẹn, oṣù mẹ́sàn-án, kò sì rí i bí ohun ńlá. Olùkọ́ náà ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù nígbà yẹn.

"Oṣù mẹ́sàn-án ò sí lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì wọlé tí wọ́n fi kàn án mọ́ igi. Òkú bàbá ọkọ mi ṣì wà lórí òkúta, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bíi ti bàbá rẹ, nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ fún wa. Hánánì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí oṣù pé, ó lọ kó egungun, ó kó o dáadáa. Ó jáde, kò sì mọ ibi tí yóò lọ."

Yákímù bi í pé ta ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀.

Ó ní, "Òun náà ni. Àwọn tó kù ti rìn síwájú, kò sí ẹni tó gbọ́. Ì bá dákẹ́, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó bá jókòó ló ti ń sọ ọ́, títí ó fi kú. Mo ní, Hánánì, o ò lè sọ ìtàn mìíràn? Ó ní èyí ni Olúwa fún òun."

Yákímù wá bèèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ púpọ̀. Ó bi í pé ṣé pẹ̀lú ìbínú ni Olúwa fi sọ ọ́.

"Mo bi Hánánì bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ ènìyàn pé kó má fi òun sílẹ̀."

Yákímù bo ojú rẹ̀. Ìyá arúgbó náà jẹ́ kí ó sunkún tán. Lẹ́yìn náà ni Yákímù ní òun jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún bàbá òun. Ó ní bí òun bá lọ, Hílkíà á dúró títí, kò ní rí ẹnikẹ́ni, torí Yáírì ti kọ̀. Àti pé, ta ni òkú tó fẹ́ sin òkú?

Ìyá Ṣẹlómítì ní òun ò mọ̀wé, kí ó lọ bi Sákáì. Ohun tóun mọ̀ ni pé òkú kì í kánjú. Alààyè lọjọ́ ń lọ mọ́ lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ nu ètè àwo náà.

Ó ní, "Bó bá sì ṣe pé òkú gan-an lò ń wá tí yóò sin òkú, wò mí dáadáa. Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi? Ojú ọ̀tún ti lọ. Ẹsẹ̀ ti lọ. Mo ti sún mọ́ wọn tó."

Yákímù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní Yáírì kò ní gbà.

"Yáírì wo? Yáírì tí mo ń nu imú fún? Á bá mi yí òkúta ẹnu ihò náà kúrò, á sì dúró síta." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Ọwọ́ mi ní ẹ̀sọ̀, Yákímù. Ọmọ mẹ́fà ni mo gbé sin."

Ní ọjọ́ keje, nígbà tí àlùfáà wọ́n omi kejì sí i lára tán, tó wẹ̀, tó fọ aṣọ, tí oòrùn sì wọ̀ tí ó mọ́, ilé Ìyá Ṣẹlómítì ni ó kọ́kọ́ lọ. Ó ṣẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn egungun gígùn, ti itan àti ti apá, lábẹ́, kí wọ́n lọ pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ìhà lé e lórí. Àwọn kéékèèké ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, inú aṣọ ni kí wọ́n wà, kí ọ̀kankan má sọnù. Agbárí ló kẹ́yìn. Ó ní kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ìyá arúgbó náà tò wọ́n, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Ní ìgbà kẹta kò ṣì í.

Àwọn ará Ọ̀nà gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì. Yákímù kò ní ẹrù púpọ̀: ẹní, irin iṣẹ́ mẹ́ta, búrẹ́dì, ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ. Níbi tí ọ̀nà ti yà kúrò ní abúlé, Yáírì jókòó sórí ògiri oko, ó kẹ̀yìn sí wọn. Yákímù yà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Àlàáfíà fún yín, Bàbá." Yáírì kò yíjú. Yákímù dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ó ti rìn díẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má gba Samáríà o. Ẹ gba ọ̀nà Jọ́dánì."

Ọ̀nà Jọ́dánì ni wọ́n gbà.

Dámásíkù tóbi, odò ń ṣàn láàrin rẹ̀, òkúta wọn sì dúdú. Yákímù rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ́kùúta kan tó ń gbẹ́ ọlọ. Òkúta dúdú yẹn le, ó ń dá irin padà, ó ń ta ènìyàn lọ́wọ́. Fún oṣù kan àkọ́kọ́, kò sí ọjọ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò funfun mọ́. Nírọ̀lẹ́ ó ń bá àwọn ará jẹun nínú ilé ńlá kan lẹ́bàá ẹnubodè, wọ́n pọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn níbẹ̀. Ó sì máa ń dìde láàrin ẹ̀rín wọn, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí gúúsù.

Ó ń bi àwọn tó bá ti Jùdíà bọ̀ léèrè. Wọ́n sọ fún un pé ìyàn ti mú gidi, pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti kú láwọn abúlé. Kò sí ẹni tó mọ Kéfárì Gírì. Kò sí ẹni tó mọ opó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

Ọjọ́ tí ọdún Hílkíà pé, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní òwúrọ̀, ó sì dá. Yákímù tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá ń kó egungun bàbá rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ó fa etí aṣọ rẹ̀ ya. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù ní ẹ̀yìn ilé náà, kò jẹ, kò mu.

Kò mọ̀ bóyá ìyá arúgbó náà ṣì wà láyé. Kò mọ̀ bóyá Yáírì jẹ́ kí ó wọlé, bóyá òkúta ẹnu ihò ti yí kúrò tàbí kò yí. Ó jókòó, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ lọ́kàn bó ṣe yẹ kí ó lọ, wákàtí sí wákàtí: báyìí wọ́n á ti gun òkè, báyìí ojú á ti mọ òkùnkùn, báyìí wọ́n á ti ká aṣọ. Itan. Apá. Nígbà tó kan agbárí, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè láti orí itan, ó là wọ́n sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba nǹkan, ó sì gbé wọn padà.

Lọ́sàn-án Sákáì wá a dé ẹ̀yìn ilé. Ó rí aṣọ tó ya. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó jókòó tì í sórí ilẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà bẹ́ẹ̀ títí òjìji ògiri fi bò wọ́n.

Oòrùn wọ̀. Yákímù dìde, ó na ọwọ́ fún Sákáì láti fà á sókè, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó fọwọ́, ó sì wọlé lọ jẹun.